Ọkọ̀ dúdú mi kún fún ìlà wẹ́wẹ́: ṣé ọṣẹ ló ń ha á ni?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ dúdú ni mo ní. Bí oòrùn bá ti ràn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, mo máa ń rí ìlà tín-ín-tín-ín tó ń yí po bí òwú aláǹtakùn. Bẹ́ẹ̀, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni fọ̀ rí. Èmi fúnra mi ni mò ń fọ̀ ọ́ nílé, àràárọ̀ ni mo sì ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀ kí n tó jáde. Ṣé ọṣẹ tí mò ń lò ló le jù ni? Mo ti ń wá ẹ̀rọ pólíìṣì tí n ó fi pa àwọn ìlà náà rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe máa fọ̀ ọ́, kí n sì máa pólíìṣì rẹ̀, tí kò fi ní máa ha? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tuntun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n pólíìṣì òun náà papọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ra ẹ̀rọ náà. Ọṣẹ yín kọ́. Ọṣẹ tó le lè bó ìda ara ọkọ̀ dànù, ó sì lè mú kí rọ́bà etí wíńdò gbẹ, ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ti yọ́ sínú omi kò ní ohun tí yóò fi ha ọ̀dà. Iyanrìn ló ń ha á, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń wọ́ iyanrìn náà kiri lára rẹ̀ láràárọ̀. Mi ò fi bú yín o. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bìkítà, tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí òjò máa fọ̀ ọ́, ìlà ara tirẹ̀ lè má tó ìdajì ti yín.

Eruku tó bà sórí ọkọ̀ mọ́jú kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Hóró òkúta kéékèèké wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní quartz, tó sábà máa ń pọ̀ jù lọ nínú iyanrìn. Òkúta yìí le débi pé ó lè ha gíláàsì, ọ̀dà ọkọ̀ kò sì le tó gíláàsì. Nígbà tí aṣọ gbígbẹ bá kọjá lórí rẹ̀, kò sí omi, kò sí ọṣẹ tí yóò gbé hóró náà sókè kúrò lára ọ̀dà. Aṣọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì fà á lọ títí dé ibi tí ọwọ́ yín bá dé. Bí aṣọ náà tilẹ̀ rọ̀ bí òwú, kò yí nǹkan kan padà, nítorí pé kì í ṣe aṣọ ló ń ha á. Ìyẹ́ adìyẹ tí àwọn kan fi ń gbọn eruku náà kò yọ nínú ẹ̀bi yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ha gan-an, torí òun ló máa sọ bóyá ẹ nílò ẹ̀rọ. Lórí irin ọkọ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Práímà, ọ̀dà tí àwọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́, wà lórí ìyẹn. Àwọ̀ dúdú tí ẹ ń rí ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó ń fún ọkọ̀ ní dídán, tó sì ń dáàbò bo àwọ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ jáde, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í ju nǹkan bíi 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù lọ, kílíà nìkan sì sábà máa ń wà láàárín 40 sí 60. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Inú kílíà tó fẹ́lẹ́ yìí ni ìlà òwú aláǹtakùn yín wà. Wọn ò tíì dé ara àwọ̀ rárá.

Àwọn ìlà náà kò sì yí po bí ẹ ṣe rò. Ẹ dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn, kí ẹ sún orí yín sí ọ̀tún díẹ̀. Ẹ ó rí i pé òbìrípo náà tẹ̀ lé yín lọ. Ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ síbí sọ́hùn-ún ni wọ́n. Àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn sí yín lójú, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n rọ̀gbà yí oòrùn ká. Ọkọ̀ funfun náà ní tirẹ̀, àwọ̀ ló ń bá a bo àṣírí.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi aṣọ àràárọ̀ yẹn sílẹ̀. Bí eruku díẹ̀ bá wà lára ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ fífọ̀, tàbí kí ẹ da omi tó mọ́ sí i láti òkè wá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá lè mú un mọ́ra, ọṣẹ kan wà tí a kì í ṣan lẹ́yìn lílò. A ń pò ó mọ́ omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ń yọ̀ gan-an, ó sì máa ń yí eruku ká kó má lè ha nǹkan. Aṣọ tó mọ́ bíi mélòó kan lẹ ó rì sínú rẹ̀, ẹ ó máa lo ojú kan fún apá kan, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá èyí tó ti dọ̀tí padà sínú omi. Eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni mo fọwọ́ sí i fún. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára ọkọ̀, ẹ má dán an wò.

Ó wá ku fífọ̀ gan-an. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì gbóná, ẹ dúró. Lára irin tó gbóná, ọṣẹ á gbẹ kí ẹ tó ṣàn án, àmì omi á sì kù síbẹ̀ tí ẹ ó tún máa fi agbára họ, bẹ́ẹ̀ agbára yẹn la ń sá fún.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ nílò fún ara ọkọ̀, ẹ̀kẹta fún táyà. Ọ̀kan gba omi ọṣẹ, èkejì gba omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀. Àwo oníhò kan wà tí wọ́n ń tà fún ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì: iyanrìn á bọ́ gba inú ihò rẹ̀, kò sì ní í rọrùn fún un láti tún gòkè wá. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín kan ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ tán, ẹ rọra da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì dànù kí ẹ wo ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo iyanrìn yẹn ni ì bá padà sára ọkọ̀ bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n wá wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì yín.

Ohun tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Fóòmù tí ojú rẹ̀ tẹ́ kò dára, kànrìnkàn kò tiẹ̀ yẹ kó dé ìtòsí ọkọ̀. Bí hóró iyanrìn bá bọ́ sáàárín fóòmù àti ọ̀dà, kò rí ibi wọ̀, àárín méjèèjì ni yóò wà tí ẹ ó fi máa wọ́ ọ lọ. Ìbọ̀wọ́ tí a fi irun àgùntàn tàbí aṣọ microfibre (aṣọ tí a fi òwú àtọwọ́dá tín-ín-tín-ín hun) onírun gígùn ṣe ni kí ẹ wá. Irun náà á gba hóró wọ inú lọ, á jìnnà sí ọ̀dà títí ẹ ó fi ṣàn án dànù. Ní ti ọṣẹ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ ló dára, kì í ṣe nítorí pé ó ń fọ̀ jù, bí kò ṣe pé ó ń yọ̀. Yíyọ̀ rẹ̀ yẹn lẹ fẹ́. Ọṣẹ abọ́ kò ní ba ọ̀dà jẹ́ ní ọjọ́ kan, àmọ́ á bó ìda ara rẹ̀. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ ni mi ò fẹ́ rí rárá, torí hóró rẹ̀ tí kò bá yọ́ tán lè bá yín dé orí ọ̀dà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ọṣẹ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ púpọ̀ kì í fi kún dídán, ṣíṣàn rẹ̀ ló máa ń gba omi.

Táyà àti ríìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Ibẹ̀ ló dọ̀tí jù. Eruku búrèkì tó lẹ̀ mọ́ ríìmù ní ìfọ́ irin nínú, bí ẹ bá sì fi í ṣe ìkẹyìn, omi rẹ̀ á ta sára ibi tí ẹ ti fọ̀ tán, ara ọkọ̀ á sì ti máa gbẹ lórí yín. Búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ tó bá ti kan ríìmù kò gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀ mọ́ láéláé, ẹ fi àmì sí wọn.

Lẹ́yìn èyí, omi. Ẹ da omi sí ọkọ̀ láti orí wá sílẹ̀, kí ẹ fún un ní àkókò. Gbogbo iyanrìn tí omi bá gbé lọ, ìbọ̀wọ́ yín kò ní í bá a pàdé. Ibi tí mo ti ń yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí: wọ́n á fọ́n omi díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣáà tutù, wọ́n á sì sáré sí ọṣẹ. Èmi á ní kí ẹ pẹ́ nídìí omi, kí ẹ má sì pẹ́ nídìí ìbọ̀wọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára, ẹ fi ẹnu tó ń la omi fẹ̀ sí i, kí ẹ dúró ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí ọkọ̀, kí ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí ọ̀dà ti ń bó tàbí rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá lè bo ọkọ̀ pẹ̀lú ìfófó ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó máa fa ẹ̀gbin wálẹ̀, kí ẹ tún ṣàn án kó tó gbẹ. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìfófó. Ike afọ́nmi tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó lè ṣe é, bó ti lè jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti fi fọ́n oògùn tó ń pa koríko rí kò yẹ kó kan ọkọ̀ yín.

Bí ìgbẹ́ ẹyẹ bá wà níbì kan, ẹ má fi èékánná hó o. Ẹyẹ tó ń jẹ hóró ọkà a máa gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, nítorí náà iyanrìn lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó rin gbingbin lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá gbé aṣọ náà sókè tòun ti ìgbẹ́. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ má dúró de ọjọ́ fífọ̀ fún. Bí oòrùn bá pa á mọ́ ara ọkọ̀, ó lè jẹ kílíà wọnú, àpá rẹ̀ á sì kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ẹ bá wá ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́, orí ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá sí gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, òkè ilẹ̀kùn, búùtù, kí ẹ wá fi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà parí, torí ìsàlẹ̀ ni táyà ń ta ẹrẹ̀ sí. Ẹ máa fà á lọ tààrà, ẹ má yí i po. Bó bá tilẹ̀ ha, ìlà tó lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo kì í hàn tó èyí tó lọ káàkiri. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ìbọ̀wọ́ tó gbomi mu ti tó. Bí ẹ bá ti ṣe ilẹ̀kùn kan, tàbí ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìbọ̀wọ́ sínú omi lásán, ẹ fọ̀ ọ́ níbẹ̀ dáadáa, ẹ fún un, kí ẹ tó dá a padà sínú omi ọṣẹ. Bí omi lásán bá ti ń pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìbọ̀wọ́ bá sì jábọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí fún ọjọ́ yẹn, ẹ mú òmíràn. Ó máa ń dun ènìyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ ra méjì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi nínù gbẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ rere wọn jẹ́. Wọ́n á fọ ọkọ̀ bí ẹyin, wọ́n á wá mú tọ́wẹ̀lì àtijọ́ tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, wọ́n á fi gbo ó. Ẹ kọ́kọ́ dín omi kù: ẹ yọ ẹnu họ́ọ̀sì, kí ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti orí ọkọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ tọ́wẹ̀lì microfibre tó nípọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ di igun rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ rọra fà á wá sọ́dọ̀ ara yín. Fún ilẹ̀kùn, ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ gé àmì tí wọ́n rán mọ́ etí tọ́wẹ̀lì kúrò, torí òun náà lè ha ọ̀dà. Awọ tí àwọn kan fi ń nu ọkọ̀ kò wù mí, ojú rẹ̀ tẹ́ bíi ti fóòmù, ẹ̀sùn kan náà ni mo fi kàn án.

Ẹ má sì sọ pé kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́ fún yín. Kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú omi kì í bá omi fẹ́ lọ. Wọ́n á kù sílẹ̀ bí àmì funfun roboto. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ po fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi lọ́gbọọgba, ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á sí ibẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù, kí ẹ ṣàn án dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Àwọn aṣọ microfibre, ẹ máa dá wọn fọ̀. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ mọ́ aṣọ òwú, ìdọ̀tí òwú á há sí wọn lára. Oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ kò dára fún wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n fa omi mọ́. Ooru gbígbóná a máa yọ́ irun wọn, irun tó ti yọ́ á sì le. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọlé, ẹ wà á síwájú sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ máa tẹ búrèkì, kó lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ pólíìṣì wá kàn. Pólíìṣì àti wáàsì (ìda tí a ń fi pa ara ọkọ̀) kì í ṣe ohun kan náà, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pe méjèèjì lórúkọ kan. Wáàsì ń fi nǹkan lé orí ọ̀dà. Pólíìṣì ń mú nǹkan kúrò. Kì í dí ojú ìlà náà, ńṣe ló ń fá kílíà tó yí ìlà náà ká títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ìlà. Bí ọ̀bẹ tí a ń pọ́n ló rí: ó ń mú lóòótọ́, ó sì ń tín-ín-rín sí i. Ẹ rántí pé 40 sí 60 máíkírọ́ọ̀nù ni gbogbo ohun tí ẹ ní, kò sì sí ìgbà tí yóò padà hù. Ẹni tó ń pólíìṣì lóṣooṣù ń ná owó tí kò ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀nà fífọ̀ ṣe. Bí ẹ bá pólíìṣì lónìí, tí aṣọ àràárọ̀ sì padà lọ́la, ẹ ti fá kílíà lásán nìyẹn.

Bí ẹ bá ti wá fọ̀ ọ́ lọ́nà tuntun yìí fún ìgbà díẹ̀, tí ìlà kò sì pọ̀ sí i mọ́, ẹ lè pólíìṣì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná kọjá lórí àwọn ìlà tó hàn jù. Èyí tí èékánná bá há sí ti jìn jù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé ọwọ́ kí ẹ rọra fi pa ọ̀dà tí ẹ ti fọ̀. Bó bá ń rí gbẹ̀sìgbẹ̀sì, ìdọ̀tí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn tí omi ọṣẹ kò lè ṣí. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ó fọ́n omi ọṣẹ tàbí omi rẹ̀ tó ń yọ̀ sí ọkọ̀, ẹ ó fi amọ̀ náà rọra fà á lọ tààrà, ẹ ó máa ká a pọ̀ kí ojú tó mọ́ lè jáde. Bó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó wọ́n tó. Amọ̀ fúnra rẹ̀ lè fi ìlà fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára ọkọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ má lò ó bí ẹ kò bá ní pólíìṣì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ pólíìṣì pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń yí pò lójú kan ṣoṣo, ó yá, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ lè jó etí ọ̀dà mọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́. Èkejì ń yí, ó sì tún ń mì, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí rẹ̀ á dúró. Èyí ni kí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára ti àkọ́kọ́ tàn yín. Ọwọ́ lásán náà lè ṣe é lójú kékeré, àmọ́ apá á ro yín lórí gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì ní rí dọ́gba.

Ẹ fi téèpù bo etí ilẹ̀kùn, igun tó yọrí àti ike dúdú. Ọ̀dà sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù lójú igun, ibẹ̀ ló sì rọrùn láti fá a dé práímà. Pólíìṣì tó rọ̀ jù àti fóòmù ẹnu ẹ̀rọ tó rọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lórí ibi kan ṣoṣo tó tó 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ kí ẹ tó tan iná rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri ni ẹ ó máa nù lẹ́yìn náà. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹrẹsẹ, kí ẹ máa gbé e lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ìlà kan gun ìdajì ìlà tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ lọ lóròó, kí ẹ tún lọ níbùú. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Òróró inú pólíìṣì lè dí ojú ìlà kó dà bíi pé ó ti lọ, nítorí náà ẹ fọ́n ọtí ìpara tí ẹ ti fi omi là sí i, kí ẹ nù ún kúrò, kí ẹ tún wò ó. Bí ìlà bá ti dín kù dáadáa, ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe gbogbo ọkọ̀ nìyẹn. Bí kò bá dín, ẹ pààrọ̀ fóòmù sí èyí tó le díẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ pólíìṣì. Ní èrò tèmi, bí ìlà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ti lọ, ẹ dúró. Méjì tó kù ló jìn jù, kílíà tí ẹ ó fá kí ẹ tó bá wọn pọ̀ ju ohun tí wọ́n tọ́ sí lọ. Ìgbà tí oòrùn bá wọ́jú wọn nìkan lẹ ó máa rí wọn, ẹlòmíràn kò ní rí wọn rárá.

Bí aṣọ tí ẹ fi ń nu pólíìṣì kúrò bá ń gba àwọ̀ ọkọ̀, ẹ dúró kíá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dà ọkọ̀ náà kò ní kílíà lórí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, tàbí pé ẹ ti fá a tán. Ọkọ̀ tí wọ́n dìídì fún ní ọ̀dà tí kì í dán kò gbọdọ̀ gba pólíìṣì rárá. Ọṣẹ ìfọyín àti kẹrosíìnì tí àwọn ènìyàn máa ń júwe, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Wáàsì kò ní wàhálà. Èyí tí wọ́n fi ìda ewé ọ̀pẹ carnauba ti Bràsíìlì ṣe máa ń dán gan-an lára ọkọ̀ dúdú, ó sì ń lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù méjì. Àwọn tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ń pẹ́ jù ú lọ. Fẹ́lẹ́ ni kí ẹ pa á, kí ẹ má pa á mọ́ ike dúdú, á funfun sí i lára. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní ceramic ń pẹ́ jù gbogbo wọn, ẹ̀gbin kì í sì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ha, ẹ bi í bóyá ó ti fi aṣọ gbígbẹ nu iyanrìn lórí rẹ̀ rí.

Ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ má pólíìṣì rẹ̀, ẹ má sì fi wáàsì kàn án báyìí. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n fọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jáde nílé iṣẹ́ ṣì ń tú èéfín kẹ́míkà inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ débi tí ọwọ́ lè kàn án. Bí wáàsì bá bò ó, èéfín náà kò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa, ọ̀dà á sì pẹ́ kó tó le. Oṣù kan sí mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe ọ̀dà sábà máa ń ní kí ènìyàn dúró. Ẹni tó kùn ún ló mọ irú ọ̀dà tó lò, ẹ bi í, kí ẹ sì bi í bóyá ó fi ooru gbẹ ẹ́ tàbí ó jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Títí dìgbà náà, omi àti ọṣẹ ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan, láìsí ẹ̀rọ omi alágbára, kí ẹ sì tètè máa rẹ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò níbẹ̀ torí ó rọrùn fún un láti jẹ ọ̀dà tí kò tíì le. Bí eruku bá há sínú ọ̀dà náà nígbà tí wọ́n ń fọ́n ọn, tó ń rí gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, ẹ gbé e padà fún un. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ ṣe ìdánwò ojú kékeré lórí ilẹ̀kùn náà lọ́tọ̀, kódà bí ẹ bá ti mọ èyí tó ṣiṣẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọ̀dà méjèèjì kì í sábà le bákan náà.